Kí ẹ tó ra tokunbo fún ẹbí
Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù tí gbogbo ilé máa wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì sítáàtì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àṣírí. Tó bá tutù, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí èéfín rẹ̀ bá jọ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú dání.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ làwọn ọmọ máa jókòó, mi ò lè fojú kékeré wo ìyẹn láé. Ẹ wo táyà náà: nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn ní ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.