Ọmọ yín àti oríṣiríṣi ọdún ìgbà òtútù ní ilé ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ọmọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́lé-ó-sinmi tàbí Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìparí oṣù kẹwàá ni ẹ ó ti máa rí àmì ọdún nínú báàgì rẹ̀. Á mú fìtílà amọ̀ kékeré wálé nítorí Dìwálì, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn Híńdù. Á fi ọ̀dà aláwọ̀ yẹ́ríyẹ́rí kun bébà dúdú nítorí iná tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá. Nígbà tí oṣù kejìlá bá wọlé, orin Kérésìmesì ni yóò máa kọ láti ìdí oúnjẹ àárọ̀ títí dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ti máa ń pòrúurùu. Mùsùlùmí á ní ṣé wọ́n fẹ́ sọ ọmọ òun di onígbàgbọ́ ni. Onígbàgbọ́ á ní kí ló kan ọmọ òun kan òrìṣà àwọn ará Íńdíà. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti ń wá, n kò sì fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin ní kí ilé ìwé ṣe.

Ìlànà ìjọba tí wọ́n ń pè ní EYFS ni àwọn olùkọ́ ń tẹ̀ lé fún àwọn ọmọ kéékèèké, títí wọn ó fi jáde ní Reception. Ó wà nínú rẹ̀ pé kí ọmọ mọ díẹ̀ nínú ohun tó jọra àti ohun tó yàtọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn ẹ̀yà tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè náà. Kó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ní. Wọn kò ní kó gbà á gbọ́. Ní ilé ìwé ìjọba, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1988 ní kí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn fi hàn pé ẹ̀sìn Kristẹni ló gbilẹ̀ jù nínú àṣà ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì tún kọ́ ọmọ nípa àwọn ẹ̀sìn ńlá yòókù tó wà níbẹ̀. Àwọn ilé ìwé ìjọ, bíi ti Àgùdà, ní ọ̀nà tiwọn, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó forúkọ ọmọ sílẹ̀. Wales àti Scotland náà ní òfin tiwọn.

Ẹ̀kọ́ nípa ọdún ọ̀tọ̀, ìjọsìn ọ̀tọ̀. Òfin ní kí ilé ìwé ìjọba máa kó àwọn ọmọ jọ fún ìjọsìn lójoojúmọ́, ti Kristẹni ló sì máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin mìíràn, ti ọdún 1998, wá fún òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọmọ kúrò nínú ìjọsìn náà tàbí nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ìbáà jẹ́ gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan, kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ìdí. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé, ó parí. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìyẹn ṣe ohun àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n ní kó lọ jókòó sí yàrá kejì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin kò mọ nǹkan kan nípa àríyànjiyàn ẹ̀sìn. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n yọ òun sọ́tọ̀.

Ẹ lọ bá tíṣà ná. Ẹ ní kó fi ọ̀rọ̀ orin hàn yín, kó sì sọ ipa tí ọmọ yín máa kó nínú eré ìbí Jésù. Ipa àgùntàn wà, ti ìràwọ̀ wà, ti ràkúnmí wà, ti baálé ilé èrò náà wà. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó gba àdúrà pẹ̀lú wọn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ títí wọn ó fi parí. Mùsùlùmí tó ń bẹ̀rù ìtàn yẹn, ẹ rántí pé Súrà Màríámù, ìkọkàndínlógún nínú Àlùkùránì, sọ bí wọ́n ṣe bí Ànábì Ísà. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ nílé bó ṣe wà nínú ìwé tiyín. Á ti gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà gbọ́, á sì mọ ohun tí ilé rẹ̀ gbà gbọ́.

Ìbéèrè ọmọ ló máa pọ̀ jù, ó sì dára kí ẹ ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ní Dìwálì, àwọn Híńdù ń tan fìtílà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń rántí bí Rama àti Sita, tọkọtaya inú ìtàn ẹ̀sìn wọn, ṣe padà wálé. Àwọn Síkì náà ń tan iná lákòókò kan náà, wọ́n fi ń rántí Guru Hargobind, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹ̀sìn wọn àtijọ́, tó jáde kúrò lẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá ń gbé Leicester kò nílò kí n ṣàlàyé, nítorí iná Dìwálì ojú pópó Belgrave kò fara sin.

Hánúkà àwọn Júù ni mo rí i pé ó máa ń yé ọmọ wa kíákíá. Alẹ́ mẹ́jọ ni. Ìtàn wọn ni pé nígbà tí wọ́n gba tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù padà, òróró ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún fìtílà, ó sì jó fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀pá fìtílà wọn ní ẹ̀ka mẹ́sàn-án, nítorí ìkẹsàn-án ni wọ́n fi ń tan àwọn yòókù. Torí òróró yẹn náà ni wọ́n ṣe ń jẹ ohun tí wọ́n bá fi òróró dín: ọ̀dùnkún tí wọ́n rin, àti dónọ́ọ̀tì tó ní jáàmù nínú. Àwọn ọmọ wọn tún ń ta nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní dreidel, bí àwa ṣe ń ta òkòtó, àfi pé tiwọn ní ojú mẹ́rin tí wọ́n kọ lẹ́tà Hébérù sí. Ẹ wá òkòtó fún ọmọ yín kó mú lọ fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọmọ àwọn ará Poland pọ̀ ní kíláàsì ilẹ̀ yìí. Alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ni oúnjẹ ńlá tiwọn. Wọn kì í jẹ ẹran nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń dúró dìgbà tí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ bá yọ. Wọ́n ń fi ààyè kan sílẹ̀ nídìí tábìlì fún àlejò tí wọn kò retí. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, nítorí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ iyì àlejò. Àwọn ará Etiópíà ń ṣe Kérésìmesì tiwọn ní ọjọ́ keje oṣù kíní. Ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà máa ń bọ́ sí àárín ọjọ́ 21 oṣù kíní àti ọjọ́ 20 oṣù kejì.

Bí ọmọ bá mú ọsàn tí wọ́n fi ríbọ́nù pupa dì wálé, tí abẹ́là dúró lórí rẹ̀, Christingle ni. Ọsàn dúró fún ayé, ríbọ́nù fún ẹ̀jẹ̀ Jésù, abẹ́là fún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1968 ni ẹgbẹ́ Children's Society mú un wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ náà.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Inú ẹbí kan náà ní ilẹ̀ Yorùbá ni ààfáà àti pásítọ̀ ti ń jókòó jẹun. Ẹran Iléyá ń wọ ilé onígbàgbọ́, ìrẹsì Kérésì ń wọ ilé Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tó tìtorí abọ́ oúnjẹ yí ẹ̀sìn padà. Ọ̀rọ̀ tí mo gbà pé ó tó fún ọmọ kékeré ni: “Ọdún tiwọn nìyẹn, inú wọn dùn, a ń bá wọn yọ̀. Tiwa ń bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ Bàbá Kérésì gba ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbí ń pa á mọ́ fún ọmọ wọn títí yóò fi tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Bí ẹ bá ti sọ òtítọ́ fún ọmọ tiyín, ẹ kìlọ̀ fún un pé kó má lọ bá ọmọ ẹlòmíràn jiyàn lórí rẹ̀, nítorí òbí á fẹjọ́ sùn, yóò sì dun ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ti oúnjẹ, ẹ sọ fún ilé ìwé ṣáájú ọjọ́ oúnjẹ Kérésìmesì bí ọmọ kò bá ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Súìtì mìíràn ní gelatin ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Ẹ má sì fi ẹ̀pà tàbí ohun tó ní ẹ̀pà ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti fòfin dè é. Ọjọ́ súwẹ́tà Kérésìmesì kò béèrè súwẹ́tà tuntun; ẹ lẹ ìràwọ̀ bébà mọ́ èyí tó wà nílé.

Ẹ má dúró kí wọ́n pè yín kí ẹ tó mú tiwa lọ. Tíṣà máa ń wá òbí tó lè wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ mú gángan lọ, tàbí ẹ wé gèlè, kí ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe àìsùn ọdún tuntun tàbí bí ọmọdé ṣe ń wọ aṣọ tuntun lọ sí yídì ní òwúrọ̀ Iléyá.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé kí ilé ìwé tó gba ìsinmi Kérésìmesì. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, bí ọmọ bá pa ilé ìwé jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láìgbàṣẹ, wọ́n lè bu owó ìtanràn pọ́n-ùn 80 lé òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, á sì di pọ́n-ùn 160 bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsan án. Òfin yìí kò tíì mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Táàmù tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí ọdún karùn-ún rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Ti Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ yàtọ̀: ọjọ́ tí ẹ̀sìn òbí yà sọ́tọ̀, wọn kì í kà á sí pé ọmọ pa ilé ìwé jẹ láìgbàṣẹ. Ẹ ṣáà kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún un pé òṣùpá lè sún ọjọ́ náà síwájú tàbí sẹ́yìn.