Bí Mo Ṣe Ń Bá Akólẹ́tà Wa Ṣe ní Houston
Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì máa fi kí i. Ẹ ti ajá mọ́lé kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Èyí tí kì í bù yín jẹ lè bu òun jẹ.

Oòrùn oṣù kẹjọ níbí kì í ṣeré. Mo máa ń gbé omi tútù sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ó kọ́kọ́ fi ike omi náà ra iwájú orí rẹ̀ kó tó mu ún. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Tí Kérésì bá dé, ẹ má fún un lówó o! Mo mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n káwọn èèyàn wa máà fúnni lówó ọdún, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ wọn kò gbà á. Ẹ̀bùn tí kò ju 20 dọ́là lọ ni kí ẹ fún un, bí ìbọ̀wọ́ tàbí ṣokoléètì.