Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ọ̀nà Tó Dùn-ún Wò fún Eré Sísá ní Àyíká Abúlé

Ojú tó yẹ kó máa wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán náà ni ẹsẹ̀ gbára lé láti rí gbòǹgbò igi tó yọrí sójú ọ̀nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré ìdárayá lábúlé kì í rò mọ́ ọn nìyẹn. Wọ́n á yan ọ̀nà nítorí odò tàbí igbó tó rẹwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á sì rí gbágungbàgun débi pé ilẹ̀ nìkan ni wọ́n á máa wò títí wọ́n á fi délé. Ẹni tó bá gbójú sókè wo odò, á fẹsẹ̀ kọ. Lójú tiwa, ọ̀nà tó dáa ni èyí tí ibi tó rẹwà jù lórí rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tàbí síbi tẹ́ ẹ ti lè dúró fún ìṣẹ́jú kan láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ṣèèṣì bọ́ sí. Ńṣe lèèyàn ń wá a.

Ẹ wo máàpù, kẹ́ ẹ sì béèrè

Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, irú èyí tó wà lórí Google Earth, máa fi ibi tí igbó pin sí, ibi tí odò gbà àti ọ̀nà tí katakata ń gbà wọ oko hàn yín. OpenStreetMap, ìyẹn máàpù ọ̀fẹ́ kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà sábà máa ń ní àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró. Ìlà tó já wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń yà wọ́n síbẹ̀. Bí máàpù yín bá ní àwọn ìlà tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe ga tó hàn, ibi tí wọ́n bá ti sún mọ́ra gan-an, òkè tó dúró ṣánṣán ló wà níbẹ̀. Ẹ gba máàpù náà sórí fóònù kẹ́ ẹ tó jáde, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí lẹ́yìn abúlé. Organic Maps àti OsmAnd, àwọn áàpù máàpù orí fóònù, máa ń ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ máàpù ò lè sọ fún yín pé afárá kan ti wó. Àwọn tó ń gba ibẹ̀ lọ sóko lójoojúmọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́rin: ta ló ni ilẹ̀ tí ọ̀nà náà gbà kọjá, ibo ni omi máa ń bò tí òjò bá rọ̀, ìgbà wo ni wọ́n máa ń fín oògùn sí oko, ibo sì ni ajá wà. Ẹ má fo ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn o. Ọ̀nà tó wọ inú ilẹ̀ onílẹ̀ lè má jẹ́ ti gbogbo èèyàn, kódà bó bá wà lórí máàpù.

Ó tún yẹ kẹ́ ẹ yan bí ọ̀nà náà ṣe máa rí. Èyí tó rọrùn jù ni àlọ-àbọ̀, ìyẹn kẹ́ ẹ gba ojú ọ̀nà kan náà lọ, kẹ́ ẹ sì gbà á bọ̀. Aago lẹ lè fi sá a: ìṣẹ́jú 12 ní àlọ, kẹ́ ẹ wá yí padà. Ẹ má rò pé ohun kan náà lẹ máa rí nígbà méjèèjì, torí òkè tó wà lẹ́yìn yín ní àlọ máa wà níwájú yín ní àbọ̀. Ọ̀nà tó rí òbìrìkìtì kì í jẹ́ kéèyàn gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ tó bá rẹ̀ yín ní ìdajì, kò sí àbùjá. Èyí tá a fẹ́ràn jù ni èyí tó dà bíi nọ́ńbà 8, tí ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ wà láàárín. Tí apá kan bá jẹ́ kìlómítà 2, tí èkejì jẹ́ 3, ọ̀nà mẹ́ta lẹ ní yẹn: 2, 3 àti 5. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà tàbí tí orúnkún bá ń dùn yín, ìtòsí ilé lẹ máa gbà kọjá ní àárín eré. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi odindi oṣù kan gba apá kékeré nìkan.

Ẹ rìn ín kẹ́ ẹ tó sá a

Ẹ rin gbogbo ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan, ní irú àkókò tẹ́ ẹ fẹ́ máa sáré. Láti mọ bó ṣe gùn tó, ẹ fi okùn wọn mítà 100 sílẹ̀, ẹ rìn ín bẹ́ ẹ ṣe máa ń rìn, kẹ́ ẹ sì ka ìṣísẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ 130, kìlómítà kan á jẹ́ 1,300. Kíkà yìí wúlò gan-an lábẹ́ igi, torí ewé tó ṣú máa ń dí ohun tí fóònù tàbí aago ọwọ́ ń gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì; ìwọ̀n tó bá gbé jáde lè dín, ó sì lè lé.

Ní ti iye àkókò tí ìrìn náà máa gbà, ìlànà tí William Naismith, ará Scotland tó máa ń gun òkè, gbé jáde lọ́dún 1892 ṣì ń ṣiṣẹ́: nǹkan bíi wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un fún mítà 10 kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá gùn. Kìlómítà 4 tó ní òkè mítà 60 á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 54. Tó bá gbà yín jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ilẹ̀ ibẹ̀ burú ju bí máàpù ṣe fi hàn lọ.

Ní gbogbo oríta, ẹ dúró kẹ́ ẹ wẹ̀yìn wo ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Ọ̀nà kékeré tẹ́ ẹ ò kà sí ní àlọ lè wá fẹ̀ ju tiyín lọ lójú nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣìnà.

Ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀

Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ le, tí kò ní òkúta, ló dára jù. Ọ̀nà ọ̀dà tẹ́jú lóòótọ́, àmọ́ wọ́n máa ń ṣe é kí àárín rẹ̀ ga ju etí lọ kí omi lè ṣàn kúrò. Ẹni tó bá ń sáré létí kan ṣáá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á máa tẹ ibi tó rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Tó bá yá, ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún tàbí ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ ò lè máa pààrọ̀ etí ọ̀nà bó ṣe wù yín, torí ńṣe ló yẹ kẹ́ ẹ máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀dà ju ìdá kan nínú mẹ́rin eré náà lọ.

Iyanrìn máa ń jẹ́ kí gìgísẹ̀ rì, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á sì fà. Ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ kì í ṣe wàhálà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń yọ̀. Pákó afárá tó ti ní èéhù, ẹ rọra rìn ín kọjá. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni pápá tí màlúù tẹ̀ nígbà tó wà ní ẹrẹ̀, tó wá gbẹ. Ihò kéékèèké tó le bí òkúta ló kún ibẹ̀, koríko sì máa ń bò wọ́n. Bó ti wù kí ibẹ̀ rẹwà tó, ẹ má sáré níbẹ̀.

Oòrùn, kùrukùru àti òkè

Oòrùn tó rẹlẹ̀ tó sì kọjú sí yín kì í jẹ́ kéèyàn rí òkúta. Láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ forí lé ìwọ̀ oòrùn: ìmọ́lẹ̀ á máa ti ẹ̀yìn yín tàn sára òkè àti oko tó wà níwájú, àwọ̀ wọn á sì yọ dáadáa. Kẹ́ ẹ tó yí padà, oòrùn á ti ga díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ìwọ̀ oòrùn náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, torí ó ṣì ga nígbà yẹn. Nígbà tó bá fi máa rẹlẹ̀, ẹ̀yìn yín ló máa wà.

Kùrukùru máa ń dúró sí àfonífojì àti bèbè odò ní kùtùkùtù, torí pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń wá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i bó ṣe tẹ́ bí aṣọ funfun, orí òkè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ fi odò ṣe ìgbẹ̀yìn.

Ẹ gun apá tó dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ ní apá tó rọra dagẹrẹ. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń dá iṣan itan lóró: ńṣe ló ń nà bó ṣe ń gbìyànjú láti dá ara dúró, ìrora rẹ̀ sì lè má yọjú títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ìṣísẹ̀ kúkúrú, orúnkún tó rọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ má sì fẹ̀yìn sẹ́yìn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga tó mítà 10 láàárín mítà 100, ẹ rìn ín gòkè. Tẹ́ ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ti ń sáré jù.

Àwọn tẹ́ ẹ máa bá pàdé, àti ewu

Ẹ má kọjá láàárín màlúù àti ọmọ rẹ̀. Ẹ yí i ká. Tí ajá bá sáré sí yín, ẹ dúró, ẹ má wò ó lójú, kẹ́ ẹ sì rọra máa fà sẹ́yìn. Géètì tẹ́ ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tẹ́ ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ohun ìgbọ́rin dí etí méjèèjì, torí ọ̀nà oko ní kọ́ńà tí katakata lè yọ sí yín. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà àti aago tẹ́ ẹ máa dé fún ẹnì kan nílé.

Tí ààrá bá sán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́yìn tí mànàmáná kọ, ó ti sún mọ́ yín jù: ẹ kúrò lórí òkè àti lábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ wọ inú ilé tàbí ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn. Odò tó ń ṣàn kíkankíkan tó dé orúnkún lè gbé èèyàn ṣubú. Ẹni tí ejò bá bù jẹ kò gbọ́dọ̀ gé ojú ibẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fa oró rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ so ó pinpin. Kó má lo ẹsẹ̀ náà mọ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Tẹ́ ẹ bá ti gba inú koríko gíga, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ abíyá àti ìtòsí abẹ́ bóyá eégbọn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ níbi tó ti wọ ara ni kẹ́ ẹ ti fi ẹ̀mú dì í mú, kẹ́ ẹ fà á sókè tààrà, kẹ́ ẹ má yí i.

Lẹ́yìn òjò ńlá tàbí ìjì, ẹ kà á sí ọ̀nà tuntun: igi lè ti wó dí i, àgbàrá sì lè ti gbẹ́ ibi tó tẹ́jú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ tún rìn ín lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó sá a.