Bí mo ṣe wá kóòdù kọ́sítọ́ọ̀mù fún ẹrù ọ̀rá àti àpò

Màmá kan tó ń ta ọ̀rá àti àpò ní Èkó fẹ́ kó ọjà wọlé láti Ṣáínà. Ínfọ́ìsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn ò ju ìlà kan lọ: "plastic bags", tòun ti iye owó. Èyí ò lè di Form M, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún ní báńkì kí ọjà tó wọlé, torí kóòdù ọjà kọ̀ọ̀kan, nọ́ḿbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń dá a mọ̀, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kó sáńpù gbogbo ẹ̀ wá.

"Ọmọ mi, ṣebí ike ni gbogbo ẹ̀?"

Ike ni lóòótọ́, Màmá, àmọ́ ìwé owó-bodè, tó to kóòdù ọjà sí Orí kọ̀ọ̀kan, ò dúró síbẹ̀.

Ọ̀rá dúdú ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń di ọjà fúnni ò ṣòro rárá: irú ike tí wọ́n ń pè ní polyethylene ni, 3923.21 ló wà. Orúkọ ilé ìtajà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ò yí i padà. Ọ̀rá búrẹ́dì tó mọ́ gaara, tó ń pariwo téèyàn bá fọwọ́ rún un, polypropylene, irú ike mìíràn, ni tiẹ̀, ó bọ́ sí 3923.29. Àwọn kan á ní ká finá sun ún ká fi dá a mọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń rùn bí àbẹ́là, àwọn méjèèjì ló sì ń léfòó lómi, kí la wá fẹ́ fi ìyẹn mọ̀? Mo ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ irú ike tó jẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Àpò ìrẹsì ló gbà mí lákòókò. Híhun ni wọ́n hun ún, òfin sì ní bí fọ́nrán ike tí wọ́n fi hun nǹkan ò bá fẹ̀ ju 5 mm lọ, aṣọ ni kí á kà á sí. Mo tú etí àpò náà, mo fa fọ́nrán kan yọ, mo gbé rúlà lé e: kò tó 3 mm. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n fi ike bò ó tojú tẹ̀yìn, torí ìyẹn lè dá a padà sí Orí 39, níbi tí ike wà. Wọn ò bò ó. Ó di 6305.33. Ká ní fọ́nrán ọ̀hún ju 5 mm lọ ni, Orí 46 ni ì bá lọ, láàárín ẹní àti agbọ̀n!

Ghana-Must-Go ńkọ́? Fọ́nrán kan náà ni wọ́n fi hun ún, àmọ́ ó ní ọwọ́, ó ní síìpù, ẹrù ìrìn àjò là ń fi kó. 4202.92 ni. Àlàyé tó wà ní Orí 42, níbi tí 4202 wà, yọ ọ̀rá ọlọ́wọ́ tí kì í pẹ́ bàjẹ́ kúrò, ìdí nìyẹn tí ọ̀rá dúdú fi dúró sí 3923. Àmọ́ àpò tó gba orúkọ lọ́dún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari ní kí àwọn ará Gánà máa lọ, tí à ń lò títí dòní, ta ló máa pè é ní ohun tí kì í pẹ́?

Ọ̀rá pure water tó wà ní róòlù ò tíì di àpò. Ẹ̀rọ ló máa gé e, tó máa lẹ̀ ẹ́. 3920.10 ni mo fi í sí. Ká ní ó rí bíi túùbù ni, 3917 ni.

Nọ́ḿbà mẹ́fà tó wà nínú kóòdù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan náà ni wọ́n ń lò kárí ayé. ECOWAS fi mẹ́rin kún un, ó di mẹ́wàá. Mo ní kí olùtajà pín ínfọ́ìsì náà sí ìlà márùn-ún, kí ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìlò rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá ń kó irú ẹrù yìí déédéé lè kọ̀wé sí Kọ́sítọ́ọ̀mù kó tó ra ọjà, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn sọ kóòdù rẹ̀. Òfin wọn ti 2023 fàyè gbà á.