Bí RNA kékeré kò ṣe ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá microRNA kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn RNA kékeré (RNA ni ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara DNA), n kò rí i. Mo pààrọ̀ primer (ègé DNA kékeré tí a fi ń wá a), mo bú ẹ̀rọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Àṣé èmi fúnra mi ni mo ti dà á nù láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí sí ìwọ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di pipette mú.

MicroRNA kì í ju bíi lẹ́tà 22 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni lin-4 rí, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé lára aràn C. elegans lọ́dún 1993. Kì í di prótéènì, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ RNA jíìnì lin-14, kì í sì í jẹ́ kí ìyẹn ráyè di prótéènì tó bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ yìí ló gbé Victor Ambros àti Gary Ruvkun dé ìdí ẹ̀bùn Nobel ní 2024. Column tí mo ń lò nígbà náà, ìyẹn ike alásẹ́ tí a fi ń yọ RNA, RNA tó ju lẹ́tà 200 lọ ló ń dì mú. RNA kékeré bá omi tí a fi fọ column lọ. Ka ìwé tó bá column wá kí o tó já páálí rẹ̀. Bí kò bá dárúkọ RNA kékeré, gbé e tì. Èyí tó ń mú un, ẹtánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ ọn máa ń pọ̀ ju ti ìyókù lọ.

Èmi ti padà sí TRIzol báyìí, omi alágbára tó ní phenol nínú, tó ń tú sẹ́ẹ̀lì ká. Wọ ìbọ̀wọ́ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí RNase, ìyẹn enzyme kan, wà ní ọwọ́ rẹ, ó wà nínú itọ́ rẹ, ó sì ń jẹ RNA run. Má gbójú lé autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbígbóná pa kòkòrò: RNase A, ọ̀kan lára wọn, máa ń ká ara rẹ̀ padà bó bá tutù tán, á tún máa bá iṣẹ́ lọ. Bí o bá fọwọ́ kan fóònù tàbí imú, pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. (O máa fọwọ́ kan imú.)

Abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ni kí o ti ṣe é, phenol máa ń jó awọ ara. Da TRIzol mílílítà 1 lé sẹ́ẹ̀lì, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, fi chloroform mílílítà 0.2 sí i, gbọ̀n ọ́n kíkankíkan. Yí i nínú centrifuge ní 12,000 g fún ìṣẹ́jú 15, ní 4°C. Nígbà tí o bá yọ ọ́, yóò ti pín sí mẹ́ta: pupa nísàlẹ̀, funfun tín-ín-rín láàárín, omi tó mọ́ gaara lókè. Inú omi òkè ni RNA wà.

Ibí ni ojúkòkòrò ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Dẹ ike náà sí ẹ̀gbẹ́, fà á díẹ̀díẹ̀, kí o sì fi ìwọ̀nba omi sílẹ̀ lórí funfun yẹn. DNA ló wà níbẹ̀. Bí o bá fà á mọ́ ọn, ìwọ náà á jẹ ìyà rẹ̀.

Fi isopropanol mílílítà 0.5 àti glycogen díẹ̀ (tó ń bá RNA kékeré wálẹ̀) sí omi òkè tí o fà, fi í sílẹ̀ mọ́jú ní -20°C. Ìwé ní kí a fi ẹtánọ́ọ̀lù ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fọ̀ ọ́. 80 ni èmi ń lò, torí kékeré tètè ń yòrò. Má jẹ́ kó gbẹ ju.

Bí ìwọ̀n 260/280, èyí tí a fi ìmọ́lẹ̀ wò láti mọ bí RNA ṣe mọ́ tó, bá tó bíi 2, má tíì yọ̀. Kò sọ fún ọ bóyá RNA ti já wẹ́wẹ́. Gbé e sórí gel, tó ń ya RNA sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe gùn sí, kí o rí ìlà 28S àti 18S (RNA ribosome méjì tó tóbi) kedere. Lẹ́yìn náà ni DNase, enzyme tó ń jẹ DNA run. Ẹ má pè é ní àṣejù: RNA gígùn tí kì í di prótéènì, àwọn kan nínú wọn kò ní intron (apá tí sẹ́ẹ̀lì ń gé kúrò lára RNA), nítorí náà primer irú wọn kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí DNA. Ní gbogbo ìgbà, ní ike kan tí o kò fi reverse transcriptase (enzyme tó ń sọ RNA di DNA kí a tó kà á) sí; ohun tó bá yọ níbẹ̀, DNA ni. Ní ọjọ́ tí àmì ike yẹn yọ ní ìyípo 27 lórí ẹ̀rọ qPCR tó ń ṣẹ̀dà DNA léraléra, tí ti ike tòótọ́ sì yọ ní 26, mo mọ̀ pé DNA ṣì pọ̀ níbẹ̀; mo pa kọ̀ǹpútà, mo padà sídìí DNase.