Omi ẹ̀rọ ti dé! Ẹ má tíì mu ún o

"Omi ti dé o!" Tẹ́ ẹ bá ń gbé Òṣogbo tàbí ìlú míì tí ò tóbi jù, tómi ẹ̀rọ kì í wá lójoojúmọ́, ẹ mọ ariwo yẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò ló máa ń kọ́kọ́ pa á, kẹ́ ẹ tó mọ̀, gbogbo ilé ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, bàsíà, kẹ́ẹ̀gì, kódà ìkòkò ọbẹ̀ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ máa mí fìì fìì bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, afẹ́fẹ́ ló ń tú síta, lẹ́yìn náà ló máa wá tutọ́ omi pupa kan jáde, ó máa dà bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Òṣogbo ìlú aró ni wá lóòótọ́, àmọ́ aró kọ́ nìyẹn.

Èmi kì í ṣe dókítà o, omi yìí ló ti fojú mi rí màbo ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo wá rí níbẹ̀ ni pé gbogbo wa là ń bú àwọn tó ń fún wa lómi, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà lomi ti máa ń bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí nínú ilé tiwa gan-an. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e láti gọ́tà títí dé inú kọ́ọ̀bù.

Ìta lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Odò Erínlẹ̀ lápá Ẹdẹ ni wọ́n ti ń fa omi wá sí Òṣogbo, bí wọ́n sì ṣe ń tọ́jú omi odò ni pé wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ inú ẹ̀ lè wálẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn, wọ́n á wá fi kùlóríìnì pa kòkòrò tó bá ṣẹ́ kù. Ká ní ibẹ̀ lẹ ti bu ife kan mu, ó ṣeé ṣe kó má ṣe yín ní nǹkan kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ ò sí níbẹ̀, ilé yín lẹ wà, inú gọ́tà sì ni páìpù tó gbé e wá gbà kọjá. Nígbà tómi bá ń ṣàn, agbára ẹ̀ ń tì síta ni, tí páìpù bá là níbì kan, omi á máa jò sínú gọ́tà. Àmọ́ tí wọ́n bá ti omi pa, inú páìpù á ṣófo, á wá máa fa nǹkan wọlé bí ìgbà tẹ́ ẹ fi sítírọ́ọ̀ mu mínírà, ojú ibi tó là yẹn náà ni omi gọ́tà máa gbà wọlé, àti tàwọn tó fọ abọ́ dà sí i, àti ti ṣáláńgá tó ń jò. Lọ́jọ́ tómi bá tún dé, òun ló máa kọ́kọ́ bá yín nílé.

Torí náà, lọ́jọ́ tómi bá ń wá, ẹ rìn tẹ̀ lé páìpù yín láti ara ilé dé ibi tó ti já kúrò lára páìpù ńlá. Ẹ máa wo ibi tí ilẹ̀ ti rin láìsí òjò, ibi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, àti ibi tí wọ́n ti fi rọ́bà inú táyà so páìpù. Ẹ̀yin náà mọ rọ́bà yẹn. Kì í ṣe àtúnṣe o, bí ìgbà téèyàn fi àkísà di ojú egbò ni. Ẹ pe pọ́ḿbà kó gé ibẹ̀, kó fi tuntun sí i, kó sì gbé páìpù kúrò nínú gọ́tà. Tẹ́nì kan ládùúgbò bá tún lọ so pọ́ǹpù mọ́ páìpù tààrà, ó ti ba ti gbogbo yín jẹ́ nìyẹn, torí gbogbo ibi tó là ni pọ́ǹpù yẹn á máa fa ìdọ̀tí wọlé. Kẹ́ni tó bá fẹ́ lo pọ́ǹpù jẹ́ kómi kọ́kọ́ fúnra ẹ̀ wọ tánkì ilẹ̀, kó wá máa fà á látibẹ̀. Mo sọ ọ́ fún lándílọ́ọ̀dù kan, ó bi mí pé ṣé owó mi lòun fi rà á.

Omi tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì mímu sí i. Ẹ gbà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fi da tọ́ílẹ́ẹ̀tì títí á fi mọ́, kẹ́ ẹ sì tún jẹ́ kó ṣàn bí ìṣẹ́jú 5 lé e kẹ́ ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì sí i. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, omi téèyàn ò rí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má sì fi fọ aṣọ funfun. Mo fi fọ léèsì tí mo rà fún ìgbéyàwó àbúrò mi, ó di aláwọ̀ kọfí, mo bá da bílíìsì lé e pé kó funfun padà, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àṣé bílíìsì máa ń jẹ́ kí àbàwọ́n irin tó dógùn-ún di mọ́ aṣọ ni.

Tó bá ti mọ́, ẹ bu ú sínú gíláàsì, ẹ gbé e sórí pépà funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Tí nǹkan pupa bá rọ̀ sísàlẹ̀, ìpẹtà páìpù ni. Tó bá mọ́ nígbà tẹ́ ẹ pọn ọ́n, tó wá ń pọ́n bó ṣe ń dúró, irin inú ilẹ̀ nìyẹn, bòhóòlù ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá rùn bíi gọ́tà, ẹ dà á nù, ẹ má tiẹ̀ fi fọ eyín. Tó bá wá ń rùn bíi bílíìsì fẹ́ẹ́rẹ́, inú ń bí àwọn kan sí òórùn yẹn, tèmi máa ń dùn ni, torí kùlóríìnì ṣì kù nínú ẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ nìyẹn. 0.2 sí 0.5 milligram nínú lítà kan ni wọ́n ń fẹ́ kó ṣẹ́ kù títí dé ẹnu ẹ̀rọ. Àmọ́ ojú ò rí kòkòrò àrùn o, omi tó mọ́ gaara lè gbé onígbáméjì, ó lè gbé jẹ̀fùn-jẹ̀fùn.

Èyí tẹ́ ẹ máa mu, ẹ sè é. Kó hó dáadáa, kómi máa ta sókè látìsàlẹ̀ ìkòkò, ìṣẹ́jú 1 péré lẹ́yìn ìyẹn ti tó. Ìyá mi máa ń sè é títí á fi ku ààbọ̀, gáàsì ló ń fi ṣòfò. Tí gáàsì bá wọ́n, bílíìsì tá à ń dà sáṣọ funfun ń ṣiṣẹ́, àfi kẹ́ ẹ ka ara ike ẹ̀ dáadáa: kó má ní lọ́fínńdà nínú, kó má sì tíì lo ọjọ́ kọjá. Tí wọ́n bá kọ 3.5% sí i, ẹ ra síríńjì tuntun ní kẹ́mísì, ẹ fa 3 ml, òun lẹ máa fi sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Tó bá jẹ́ 5% ni wọ́n kọ, 2 ml ti tó. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó tó àkókò yẹn kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Tómi bá ti rú tẹ́lẹ̀, aṣọ mímọ́ tẹ́ ẹ ká ní ìlọ́po mẹ́rin lẹ máa kọ́kọ́ fi sẹ́ ẹ, torí ìdọ̀tí ló máa jẹ gbogbo kùlóríìnì yẹn tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi álọ́ọ̀mù sómi tẹ́ ẹ sì ń mu ún bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Álọ́ọ̀mù máa ń kó ẹrẹ̀ wálẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò. Ẹ lò ó tán, kẹ́ ẹ wá sè é.

Ó wá kan tánkì. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́rin nínú wa ni ìgbẹ́ gbuuru mú lọ́jọ́ kan náà. A bú àwọn tó ń fún wa lómi, a bú màmá tó ń ta fùfú, ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ ní ayé ló ń ṣe wá. Pọ́ḿbà gun òkè, ó dákẹ́ síbẹ̀ díẹ̀, ó wá ní kí n gòkè wá fojú ara mi rí i. Atẹ́gùn ti ṣí ìdérí tánkì, a ò sì mọ ọjọ́ tó ti ṣí i, ewé dóńgóyárò kún ojú omi, alángbá méjì ló léfòó síbẹ̀, ọ̀kan ti ń jẹrà. Omi yẹn la fi ń po gàrí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fọ tánkì nìyí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kómi inú ẹ̀ tán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara ẹ̀ títí èyí tó ń yọ̀ yẹn á fi kúrò, ẹ ṣàn án dànù. Ẹ wá pọn omi kún un, tó bá jẹ́ ti 1,000 lítà, ẹ da lítà kan ààbọ̀ bílíìsì 3.5% sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀rọ inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ti kíṣìnì, ti balùwẹ̀, títí tẹ́ ẹ fi máa gbọ́ òórùn bílíìsì lẹ́nu wọn, kẹ́ ẹ wá tì wọ́n pa di ọjọ́ kejì, torí inú páìpù ilé náà ń dọ̀tí, èyí làwọn èèyàn kì í rántí. Omi yẹn kì í ṣe mímu o, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì dà á nù tílẹ̀ bá mọ́, kẹ́ ẹ fi omi míì ṣan tánkì títí òórùn á fi lọ. Ẹ má da bílíìsì pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí oògùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì láé, gáàsì tó ń jáde nínú ẹ̀ lè sé èèyàn léèémí. Lẹ́yìn náà ẹ so ìdérí mọ́lẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì di ẹnu páìpù tómi tó bá kún ń gbà jáde, ibẹ̀ ni aláǹgbá ń gbà wọlé.

Kẹ́ẹ̀gì náà ń bọmi jẹ́. Èyí tí wọ́n ti fi gbé oògùn apakòkòrò tàbí kẹ́míkà rí, ẹ má fi pọnmi, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti yọ ewéédò nínú, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti omi ọṣẹ sí i, ẹ mì í dáadáa. Ẹ má jẹ́ kọ́mọdé ki ọwọ́ tàbí kọ́ọ̀bù bọ omi tẹ́ ẹ ti sè, ẹ ra kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹ̀rọ nídìí, kò wọ́n ju owó oògùn lọ.

Ó wá ku èyí tí sísè ò lè yọ. Òjé wà, irin wà, irú iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní nitrate, tó ń ti inú ajílẹ̀ àti ṣáláńgá wọ inú ilẹ̀, náà wà, tẹ́ ẹ bá sè wọ́n, ńṣe ni wọ́n tún máa ki sí i torí omi ló ń fẹ́ lọ. Ní Flint, ìlú kan ní Michigan lÁmẹ́ríkà, lọ́dún 2014, wọ́n yí ibi tí wọ́n ti ń fa omi padà sí odò Flint láìfi kẹ́míkà tí ò ní jẹ́ kómi jẹ páìpù sí i, omi yẹn wá ń ha òjé ara páìpù wọnú ilé àwọn èèyàn. Ilé iṣẹ́ mọ́tò GM tó wà níbẹ̀ jáwọ́ nínú omi náà lóṣù kẹwàá ọdún yẹn torí ó ń jẹ́ kí irin ẹ́ńjìnnì wọn dógùn-ún, àmọ́ àwọn ará ìlú ṣì ń mu ún. Torí iyọ̀ inú ṣáláńgá tí mo sọ yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí bòhóòlù torí ẹ̀rọ ò wá mọ́, kó jìnnà sí ṣáláńgá àti sokàwéè tó mítà 30, tiyín àti ti aládùúgbò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dájú, láàbù lẹ máa lọ, yunifásítì tó bá wà nítòsí sábà máa ń ní. Ẹ má fi ike mínírà gbé omi lọ o, ẹ gba ike tiwọn, ẹ nu ẹnu ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ fi sínú kúlà tó ní yìnyín, kó sì débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pọn ìgò méjì, ọ̀kan lára páìpù tó ń wá láti ìta kó tó wọ tánkì, ọ̀kan ní kíṣìnì. Ibi tí wọ́n kọ E. coli sí, ìyẹn kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, òdo ló gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú 100 ml. Tí ti ìta bá jẹ́ òdo tí ti kíṣìnì ò jẹ́ òdo, ẹ gbé àkàsọ̀, ẹ gun òkè lọ wo tánkì yín.