Bí A Ṣe Ń Ka Ẹyẹ Létí Ọ̀sà, Láì Ka Ọ̀kan Lẹ́ẹ̀mejì

Igún fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì ní Èkó. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ìṣẹ̀dá, ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n run. Májèlé wà nínú ohun tó fà á, àwọn tó ń pa á ṣe oògùn náà sì wà níbẹ̀. Kí a tó lè sọ pé ẹyẹ kan ń dín kù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti máa kà á.

Ẹ mú ojú kan létí ọ̀sà lápá Akọka, níbi tí igi ṣì wà lójú omi, kí ẹ mú òmíràn níbi tí èrò pọ̀ sí, bíi ìhà Mákòkó. Ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù ti tó; omi kì í ba pẹ́ńsùlù jẹ́ bíi báírò. Tí ẹ bá fẹ́ ra awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ ra tòkúnbọ̀ tí wọ́n kọ 8x42 sí lára; 8x ni pé ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́jọ. Èyí tó bá ju 10x lọ, ọwọ́ yín á máa gbọ̀n, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó ni àdúgbò. Ẹni tó ń fi awò wo ilé onílé, tó tún ń kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n á ní ìjọba ló rán an wá wólé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, ẹyẹ la wá kà" ti tó.

Láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ dúró jẹ́ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá kà fún ìṣẹ́jú 10. Ohun tó bá wà láàárín mítà 50 nìkan ni kí ẹ kọ.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ nìyí. Àwòdì kan á rà bàbà kọjá lókè ààtàn, wọ́n á kọ ọ́. Á yí po, wọ́n á tún kọ ọ́. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, àwòdì méjì ti di mẹ́jọ nínú ìwé. Ẹ má ṣe ro gbogbo èyí tí ẹ rí pọ̀. Iye tó pọ̀ jù tó wà lójú yín lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ kọ. Tí mẹ́ta bá jọ wà lójú ọ̀run, mẹ́ta ni. Tí ẹyọ kan bá tún kọjá lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́ta náà ni. Ó lè dín sí iye gidi, ṣùgbọ́n bákan náà ni yóò máa dín nígbà gbogbo, a ó sì lè fi ọdún kan wé èkejì.

Lékeléke ní tirẹ̀ ń fò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ẹ ka mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ fi ìwọ̀n yẹn wọn ìyókù.

Tí ẹ ò bá rí ẹyẹ kankan, ẹ kọ òdo. Àwọn kan máa ń tijú òdo, wọ́n á ṣí lọ síbi tí ẹyẹ wà. Iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn! Ẹ kọ ohun tí èèyàn ń ṣe níbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye náà: wọ́n ń da iyanrìn sí ọ̀sà, wọ́n ń sun pàǹtí, wọ́n gé igi. Òdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "wọ́n ń da iyanrìn" ni ìwé yẹn wà fún.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí òjò bá dé, wọ́n á kọrí sí Òkè Ọya. Nítorí náà, oṣù kejì ọdún kan ni kí ẹ fi wé oṣù kejì ọdún mìíràn.

Àwọn Nigerian Bird Atlas Project, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, ń gba irú àkọsílẹ̀ yìí látorí áàpù BirdLasser. Ṣùgbọ́n kíkà tiwọn tó wákàtí méjì ó kéré tán, bí ẹ bá sì ṣe rí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ni ẹ óò kọ ọ́. Tí ẹ bá rí ìtẹ́ igún tàbí ti òwìwí, ẹ má gbé ibi tó wà sórí Facebook rárá. Àwọn tó ń tà wọ́n ń kà á níbẹ̀.